Àwọn ọmọṣẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn mi

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. Mo ní ọmọṣẹ́ márùn-ún, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin kan. Abẹ́òkúta ni èmi ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí ẹ̀rọ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ṣì pọ̀ ju oníná lọ. Ọ̀gá mi le. Mo fọ abọ́, mo fọṣọ, mo pọn ọmọ fún un, ó pẹ́ kí n tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Àmọ́ nígbà tí mo ṣe fírídọ̀mù, kò sí irú aṣọ tí n kò lè rán.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi lé àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ìtàn fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní "Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́" báyìí, ọ̀kan á ti ki ìyapíìsì bọ etí, òmíràn á rántí pé òun fẹ́ lọ pọnmi. Ọkùnrin àárín wọn a tiẹ̀ máa bá mi parí ìtàn náà, àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín.

Èyí tó ká mi lára jù ló ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Oníbàárà kan gbé àǹkárá wá, aṣọ ẹbí ni. Ẹyẹ ló wà lára rẹ̀, orí gbogbo wọn sì kọjú sí ibì kan náà. Ọmọbìnrin tó dé kẹ́yìn láàárín wọn, tí kò tíì lo ọdún kan, ló gé ẹ̀yìn kàbà náà. Ìgbà tí a rán an tán la rí i pé ẹyẹ iwájú ń fò lọ sókè, ti ẹ̀yìn dorí kodò. Inú bí mi. Mo pe gbogbo wọn jọ, mo sọ ìtàn ọjọ́ tí èmi ba léèsì ẹnì kan jẹ́, bí ọ̀gá mi ṣe ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè títí oòrùn fi wọ̀, tí n kò sì torí ẹ̀ sá kúrò nídìí iṣẹ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Mà, ìgbà tiyín nìyẹn." Láti ọjọ́ náà kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìyá rẹ̀ ló pè mí pé ó ní òun ò ṣe mọ́.

Ṣé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lè gba ọgbọ́n àgbà mọ́ ni? Kí ni mo lè ṣe kí ọ̀rọ̀ mi tún wọ̀ wọ́n létí? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ yẹn máa lọ? Ta ni yóò sì san owó aṣọ?

Aránṣọ tí ọ̀rọ̀ sú

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ rẹ̀ kò ká lára kì í jókòó kọ irú lẹ́tà báyìí, torí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà.

Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ló rọrùn jù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbọ́ ìtàn láti àárọ̀ dalẹ́, inú fóònù wọn náà ni. Ẹ yọ ìyapíìsì yẹn létí ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ fi sí tiyín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aránṣọ kan l'Ékòó ló ń ròyìn bí síìpù aṣọ ìyàwó ṣe já mọ́ òun lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n fẹ́ ìtàn dáadáa. Irú èyí tí ẹ̀yin ń sọ, àti ìgbà tí ẹ ń sọ ọ́, ni kí a jọ yẹ̀ wò.

Mo ka ìtàn léèsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ba léèsì jẹ́, ọ̀gá ní kí ẹ kúnlẹ̀, ẹ kò sì sá lọ. Ó parí síbẹ̀. Níbo wá ni léèsì wà nínú rẹ̀? Kí ni ẹ ṣe é gan-an: ṣé áyọ́ọ̀nù ló gbóná jù ni, àbí ẹ gé apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, tó fi di pé ẹ ní apá òsì méjì tí ẹ kò ní tọ̀tún? Ta ló kọ́kọ́ rí i? Kí ni ẹni tó ni aṣọ wí? Ọgbọ́n wo ni ọ̀gá yín fi tún un ṣe? Ohun tí ọmọ ọdún àkọ́kọ́ nílò nìyẹn, ẹ kò sì fún un. Ohun tó bọ́ sí i létí ni pé, "Èmi jìyà tèmi, n kò sá, ìwọ ńkọ́?" Ẹ ti sọ ìyà yín di gbèsè sí i lọ́rùn, ẹni tí a bá sì ń sìn ní gbèsè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò ládùúgbò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bi ara yín: lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni ẹ ń rò? Ṣé ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín ni? Mo ń ṣiyèméjì. Ó lè jẹ́ pé iye tí ọkọ̀ yóò gbà dé ilé bàbá yín ni ẹ ń kà nínú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Ọmọ tó ń ronú àtisálọ yóò fetí sí ọ̀gá tó ti ronú àtisálọ rí. Ní ti ìyà náà fúnra rẹ̀, n ó sọ ọ́ láìfi bò: ìkúnlẹ̀ kọ́ ló kọ́ yín ní léèsì gígé, ẹ má sì jẹ́ kó dé ṣọ́ọ̀bù yín láé.

Nǹkan mìíràn wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Mo ti mọ ọ̀gá yín: mo mọ ìlú tó ti ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé ó le, mo mọ̀ pé ó ní ọmọ tí ẹ pọ̀n. Nípa ọmọbìnrin tó sunkún, kò sí ohun tí mo mọ̀ ju pé ó gé ẹyẹ sódì. Ṣé òun ló yan iṣẹ́ yìí, àbí ìyá rẹ̀ ló fà á wá? Ṣé ó parí ilé ìwé? Irú aṣọ wo ló máa ń wò títí nínú fóònù rẹ̀? Ẹ̀yin àti àwọn òbí lẹ jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bóyá ni ẹnikẹ́ni tíì bi òun alára ní nǹkan kan. Kí ẹ tó tún sọ ìtàn mìíràn, ẹ gbọ́ tiwọn. Nígbà tí ẹ bá jọ ń tú ojú rírán tàbí tí ẹ ń gán bọ́tìnì, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì panu mọ́ de ìdáhùn. Ọ̀gá tó bá mọ̀ pé ìyá ìyá ọmọṣẹ́ òun ń hun kíjìpá rí, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìtàn tó máa dùn mọ́ ọmọ náà.

Ẹ rántí àlọ́ tí wọ́n pa fún wa. Ta ni olórí rẹ̀? Ìjàpá ni: ọ̀kánjúwà, olè, oníjìbìtì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ṣa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1973, Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ló pè é. Àwọn àgbà ní akínkanjú lọ́pọ̀ tí wọn ì bá fi kọ́ ọmọ, síbẹ̀ aláṣìṣe yìí ni wọ́n ń gbé síwájú lálaalẹ́. Nínú ọ̀kan nínú wọn, babaláwo sè àsèjẹ fún Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, tó ń wá ọmọ, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá kó má tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ borí ìkìlọ̀, ikùn Ìjàpá ló wú. Ọmọ kékeré tó bá gbọ́ ọ á ti gbá ọgbọ́n ibẹ̀ mú kí apàlọ́ tó mí, torí ẹ̀rín ló gbé e wọlé, kò sí ẹni tó naka sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn yín wọlé, ẹ jẹ́ Ìjàpá inú rẹ̀ fúnra yín. Ipò babaláwo tó ń kìlọ̀ ni ẹ ti ń jókòó sí láti ọjọ́ yìí.

Bí apàlọ́ bá ké "Ààlọ́ o!" tí kò sí ẹni tó dá "Ààlọ̀!" padà, á gbé ẹnu rẹ̀ dúró ni. Nínú àlọ́ àpagbè, àgbà á dá orin, ọmọ á gbè é. Ọkùnrin tó ń bá yín parí ìtàn nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin rí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Èmi rí ẹni tó ti mọ orin náà gbè. Ẹ gbé ìtàn náà lé e lọ́wọ́. Bí ọmọṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ ní kó sọ ọ́ fún un, kí ẹ̀yin máa rán ìró yín lọ nídìí ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa ṣọ́ ohun tó fi kún un àti ohun tó yọ kúrò. Ohun tó bá yọ kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí ẹ ti ń yin ara yín.

Ìdí Ifá náà jẹ́ ibi tí a ti ń fi ìtàn kọ́ṣẹ́, tí a sì ń fi í gbani nímọ̀ràn. Ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kí ẹ bá mi wò. Ẹni tó wá dífá kì í sábà ké ohun tó ń dà á láàmú jáde. Ó lè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, kó gbé owó náà sílẹ̀. Babaláwo á dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, á wo èyí tó jáde nínú odù 256, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ rẹ̀: ẹni tí wọ́n dá a fún, ìṣòro tó ní, ohun tí wọ́n ní kó fi rúbọ, bó ṣe rú u tàbí bó ṣe kọtí ikún, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí n'Ífẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1969 pé ẹni tó wá dífá ló ń mú ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ìtàn ẹlòmíràn ni wọ́n sọ, òun fúnra rẹ̀ ló bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin pe gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọ, ojú gbogbo wọn sì ti wà lára ẹnì kan ṣoṣo kí ẹ tó lanu. Ìtàn tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó ń bá wí kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹjọ́ ni wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ.

Bàbá kan wà ládùúgbò tí mo gbé rí tó ń rán agbádá. Ègé aṣọ àrán kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́bẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àrán bá wọlé lójú ọmọṣẹ́ kan, bàbá á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á ní, "Fọwọ́ pa á wálẹ̀." Ọmọ á pa á, aṣọ á máa dán lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Wá fọwọ́ pa á sókè." Ọwọ́ á máa há, àwọ̀ aṣọ á sì ṣókùnkùn. Ìgbà náà ni bàbá á tó bẹ̀rẹ̀. Òun gé àrán olóyè kan lálẹ́ ọjọ́ kan, lójú fìtílà. Aṣọ kò fẹ́ tó, òun bá dọ́gbọ́n, òun yí apá kan padà kó lè bá ibi tó kù mu. Lójú fìtílà, kò sí ìyàtọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìwúyè, apá ọ̀tún ń dán, apá òsì dúdú bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Olóyè kò wí nǹkan kan. Ó kàn fi apá òsì ti ògiri láti àárọ̀ dalẹ́ ni, gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Bàbá á dákẹ́ níbẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé, "Ẹ wá ṣe é báwo, sà?", á ní, "Gé tìẹ ná." Ègé ara ògiri yẹn ló ṣẹ́kù lára aṣọ náà.

Ẹ wo ibi tó fi ìtàn náà sí: kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ṣì ń rántí bí aṣọ náà ṣe há. Tiyín dé lẹ́yìn tí aṣọ ti bàjẹ́, nígbà tí kò sí ohun tí ọmọ lè fi ṣe mọ́ ju kó sunkún lọ. Àǹkárá ẹlẹ́yẹ, aṣọ onílà, léèsì tó ní òdòdó ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtàn tó yẹ kó ṣíwájú gígé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ránṣọ láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn kò lè ṣàìní wọn. Kò sì gbọdọ̀ gùn. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ti ń wọn aṣọ lọ, kí ó parí kí ẹ tó ká téèpù.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, àwọn ọdẹ la ìdààmú kọjá dé Òkè Lángbòdó, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje onílé ojú méje ni ọba ibẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ gbọ́ ọgbọ́n. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́ ọ, yàrá kan lóòjọ́. Ògbójú ọdẹ nìyẹn o! Ọmọ tó ti jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀, tí ebi ń pa, ni ẹ fẹ́ kó gba gbogbo ìtàn ayé yín nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo?

Kì í sì í ṣe ìtàn tiyín nìkan ló yẹ kí wọ́n gbọ́. Inú ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Lámídì Fákẹ́yẹ sí n'Ílá Ọ̀ràngún, ilé bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ mọ igi gbẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó dé ibi iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll ń darí ní Ọyẹ́-Èkìtì ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó tún di ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ agbẹ́gilére Aréògún ará Ọ̀sì. Nígbà tó yá, òun náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti kárí ayé kó tó kú ní 2009. Mo sọ èyí torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń ṣe bí ẹni pé ọmọṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó mọ aṣọ òkè rán jù yín lọ, ẹ pè é wá ní Sátidé kan, kó wá sọ tirẹ̀. Ohun tí aránṣọ Èkó inú fóònù ń wí náà, ẹ jọ gbọ́ ọ, kí ẹ bá wọn jiyàn lé e lórí. Ẹ̀yin náà á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Àwọn ìtàn kan wà tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín rárá: ti oníbàárà tó jẹ yín lówó, ti ẹni tí ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, ti ọmọṣẹ́ tó ti lọ tí inú yín kò sì tíì yọ́ sí. Ọmọ tó bá ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ròyìn ẹlòmíràn ti mọ bí ẹ ó ṣe ròyìn òun. Ìtàn ẹyẹ yẹn náà, ẹ fi sílẹ̀. Ti ọmọ yẹn ni. Bó bá di ọ̀gá lọ́la, tó bá wù ú, òun ni yóò sọ ọ́.

Ní ti òun fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi fóònù yanjú rẹ̀. Ẹ dìde lọ sílé wọn, ẹ̀yin nìkan. Àwọn kan á sọ fún yín pé ọ̀gá kì í tọ ọmọṣẹ́ lọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìyá tó bá rí yín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọmọ òun níyì lọ́wọ́ yín. Ẹ má sọ pé kò ba aṣọ jẹ́, torí ó bà á jẹ́, òun náà sì mọ̀. Ẹ sọ pé kò yẹ kí ẹ fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ti léèsì, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà gan-an, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí ẹ ń kà nínú bó bá jẹ́ pé ẹ kà á. Ẹ mu omi tí wọ́n bá bù fún yín, kí ẹ máa lọ. Ẹ má bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Bó bá padà, ẹ kú oríire. Bí kò bá padà, ẹ súre fún un, kí ẹ yanjú ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ bí ìwé àdéhùn ṣe wí, kí ẹ má sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn tó kù.

Owó aṣọ, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ọwọ́ yín ni oníbàárà fa aṣọ rẹ̀ lé, orúkọ yín ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò tíì lo ọdún kan kò sì yẹ kó dá gé aṣọ ẹbí láìsí ọ̀gá tàbí ọmọṣẹ́ àgbà nídìí tábìlì. Ẹ pe obìnrin náà lónìí, kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìdílé tó ń ta aṣọ ẹbí náà, ó lè ku ọ̀pá kan méjì lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí rárá, ẹ tú ẹ̀yìn kàbà náà, kí ẹ wo ohun tó lè jáde nínú àjákù tó wà nílẹ̀, kí ẹ fi aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo kọ́ḿbáìnì ìyókù, bí oníbàárà bá gbà. Ní ti ìgbà mìíràn, kí gbogbo wọn máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sí òdì aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ọfà náà kọjú síbi tí orí ẹyẹ wà, kí ẹlòmíràn sì bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé àlùmọ́gàjí.